Alárinà Tí Kò Mọ Dúdúyẹmí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá inú Moríyọ̀ ń dùn, kó má wulẹ̀ wo ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kó wò. Bí iṣẹ́ bá ti yọrí sí rere fún un, kò lè jókòó mọ́. Á dìde, á máa lọ, á máa bọ̀ nínú yàrá kékeré tó ń gbé ní Arakale, ní Àkúrẹ́, á máa pàtẹ́wọ́ fún kọ̀ǹpútà bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ń gbọ́. Àwọn tó ń bá a gbé ilé náà ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kàn ní, "Moríyọ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀," wọ́n á sì máa bá ẹ̀bà wọn lọ.

Ọmọ Oǹdó ni, ọmọ tíṣà. Bàbá rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé títí irun orí rẹ̀ fi funfun, ó sì ti pinnu pé ọmọ tòun yóò ṣe dókítà. Nígbà tí Moríyọ̀ ní ètò kọ̀ǹpútà lòun fẹ́ máa kọ, bàbá náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú, ó wá bi í pé, "Ta ni ètò kọ̀ǹpútà wò sàn rí?" Ọ̀rọ̀ náà dun Moríyọ̀ dé egungun. Ó bá a dé yunifásítì, ó bá a jáde, ó sì wà lọ́kàn rẹ̀ títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nínú iṣẹ́ tí bàbá ò kà sí iṣẹ́ yìí.

Ẹ wá wo bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe nǹkan. Ilé ìwòsàn ni iṣẹ́ tó tóbi jù tó kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀ ti wá.

Dókítà Akínwùmí ní ilé ìwòsàn ní Oǹdó. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Dókítà Yétúndé, ní tirẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn ara wọn bí ojú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà wọn kì í kí ara wọn. Ilé iṣẹ́ kan ló ṣe ètò tí wọ́n ń lò ní Oǹdó, ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe ti Àkúrẹ́, ohun tí ọ̀kan bá sì mọ̀ nípa aláìsàn, èkejì ò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí aláìsàn bá kúrò ní Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, fáìlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ mọ́tò tẹ̀ lé e. Fáìlì á jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ bí ọ̀gá. Ìgbà kan wà tí ọ̀kan bá mọ́tò kọjá lọ sí Òrè. Kó tó padà dé, ẹni tó ni ín ti yá, ó ti padà sí oko kòkó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí sú àwọn dókítà méjèèjì. Àwọn kan wá láti Èkó, wọ́n ní kí wọ́n da ètò méjèèjì nù, kí wọ́n ra ọ̀kan ṣoṣo tuntun. Moríyọ̀ gbọ́, ó wọ mọ́tò, ó lọ bá Dókítà Akínwùmí ní Oǹdó.

"Ẹ má da nǹkan kan nù, sà," ó ní. "Àwọn kọ̀ǹpútà yẹn ò ya odi. Alárinà ni wọn ò ní."

"Alárinà báwo?"

"Ẹ wò ó, sà. Bí ìdílé méjì bá fẹ́ di àna ara wọn, ṣé bàbá ọkọ kàn máa ń já wọ yàrá ọmọbìnrin, kó máa bi í léèrè ọ̀rọ̀ ni? Ó tì o! Alárinà ló ń lọ. Ó mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kó kàn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè nínú ilé yẹn. Ohun tí wọ́n bá fà lé e lọ́wọ́ nìkan ló ń gbé bọ̀, kì í ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wọn wò. Ohun tí àwa ń pè ní API nìyẹn. Kọ̀ǹpútà tiyín á béèrè, API á gbé ìbéèrè náà lọ sí Àkúrẹ́, á fi àmì hàn pé ẹ̀yin lẹ rán òun, wọ́n á dá a lóhùn, á gbé èsì dé. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, sà! Kọ̀ǹpútà méjèèjì á sì wà bí wọ́n ṣe wà."

Dókítà Akínwùmí wo ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà tí kò dúró sójú kan. Ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ̀ ni ọkùnrin náà, àmọ́ kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ dídùn ń gbé lọ.

"Mo ti gbọ́," ó ní. "Lọ ṣe é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a bá lò ó, ìwọ fúnra rẹ á wà níbí. Bí alárinà rẹ bá ṣiṣẹ́, a ò ní dá àwọn ará Èkó lóhùn mọ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, Moríyọ̀, má bínú sí mi."

Moríyọ̀ ṣe é. Ẹ má bi mí bó ṣe ṣe é, nítorí bí mo bá ní kí n ṣàlàyé, èmi àti ẹ̀yin la ó jọ sọnù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó jókòó ti ètò Oǹdó títí tó fi mọ bó ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀, ó jókòó ti ètò Àkúrẹ́ títí tó fi mọ bó ṣe ń dáhùn, ó sì kọ́ alárinà náà ní ìwà àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí èsì àkọ́kọ́ bọ́ sójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Arakale, ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí onílé fi sáré wá wò bóyá iná ló jó o.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá, ó wọ mọ́tò Oǹdó. Òjò ń ṣẹ́ wínníwínní. Kí wọ́n tó dé Owena, ó ti ṣàlàyé API fún awakọ̀ tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà tí ẹ bá fi fóònù fowó ránṣẹ́ láti báǹkì kan sí òmíràn, ta lẹ rò pé ó ń sáré lọ, tó ń sáré bọ̀ láàárín wọn?"

"Ọlọ́run ni," awakọ̀ ní, ó sì gbá ihò kan tó lè gbé ewúrẹ́ mì.

Nǹkan kọ́kọ́ dùn nílé ìwòsàn. Agnes, obìnrin tó ń tọ́jú orúkọ àwọn aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà, tẹ orúkọ ìyá arúgbó kan tó ti gba ìtọ́jú ní Àkúrẹ́ rí. Kó tó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì, gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá náà ti dé: ìfúnpá, oògùn, àyẹ̀wò ojú. "Yéè!" ni Agnes kígbe. Ó tẹ òmíràn, òun náà dé. Àwọn nọ́ọ̀sì kóra jọ sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Dókítà Akínwùmí yọjú, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Moríyọ̀ ti wà lójú ọ̀nà tó wà láàárín yàrá, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Ìgbà yẹn ni ọ̀kadà gbé ọkùnrin kan dé láti Bọ́lọ́rundúró. Adébùsóyè Kìtán lorúkọ rẹ̀, tíṣà ni ní Oǹdó níbí, ó lọ wo oko kòkó bàbá rẹ̀ ní àkókò ìsinmi, àdá sì bà á lẹ́sẹ̀. Bíi ti gbogbo ọkùnrin wa, ó ní kò burú, ó fi àkísà dì í, ó ń rìn kiri. Ìgbà tí wọ́n fi tú àkísà náà, ẹsẹ̀ ti wú, ó ń dán, pípọ́n rẹ̀ sì ti ń gun òkè lọ sí orúnkún.

Dókítà Akínwùmí ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó pe nọ́ọ̀sì pé kó gbé abẹ́rẹ́ wá. Aláìsàn náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ kan ní Àkúrẹ́ lọ́dún tó kọjá, díẹ̀ ló kù kó gbẹ̀mí mi. Gbogbo ara mi wú, mi ò lè mí."

"Kí lorúkọ abẹ́rẹ́ náà?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Ibà ti gbé mi lọ nígbà yẹn."

"Ilé ìwòsàn wo ni?"

"Ti Dókítà Yétúndé."

Inú yàrá náà tàn. Dókítà yíjú sí Moríyọ̀. "Ó yá, rán alárinà rẹ níṣẹ́."

Nítorí irú èyí gan-an ni Moríyọ̀ ṣe ṣe é! Agnes tẹ Adébùsóyè Kìtán. Alárinà lọ, ó dé. Èsì tó gbé bọ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Agnes tún un tẹ̀. Kò sí. Wọ́n fi orúkọ bàbá ṣáájú, nítorí ètò Àkúrẹ́ kì í fi orúkọ kan ṣoṣo wá ènìyàn. Kò sí. Wọ́n fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wá a. Kò sí. Moríyọ̀ fúnra rẹ̀ jókòó, ó yẹ inú ètò náà wò láti òkè dé ilẹ̀, kò rí àṣìṣe kan. Dókítà Akínwùmí gbé fóònù, ó pe àbúrò rẹ̀, ó ní kí wọ́n wá a lọ́dọ̀ tiwọn. Wọ́n dúró. Ohùn Dókítà Yétúndé padà wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a ò ní Adébùsóyè Kìtán níbí o. Ṣé ó dá a lójú pé ọ̀dọ̀ wa ló wá?"

"Ó dá mi lójú, mà," aláìsàn ní láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Mo sùn lọ́dọ̀ yín."

Àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í túká lọ́kọ̀ọ̀kan, bí èrò ṣe ń kúrò nídìí ọjà tí kò tà. Dókítà fa Moríyọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò bú u, ì bá sàn kó bú u.

"Oògùn méjì ló lè pa kòkòrò tó wà lẹ́sẹ̀ yẹn," ó ní. "Bí mo bá mú èyí tí ara rẹ̀ kọ̀, mo lè pa á. Bí mi ò bá sì tètè mú ọ̀kan, ó lè pàdánù ẹsẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ sọ èyí tí n ó mú fún mi, kò sì lè sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ tún dìde lọ́kàn rẹ̀. Ta ni ètò kọ̀ǹpútà wò sàn rí? Ojú Moríyọ̀ kún fún omi, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó dà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ó gba ọ̀dọ̀ aláìsàn lọ, ó fa àga, ó jókòó tì í.

"Bọ̀dá, ta ló gbé yín lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn?"

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Ilé wọn ní Isikan ni mo wà."

"Ta ló sọ orúkọ yín fún wọn?"

"Òun náà ni. Mi ò lè sọ̀rọ̀."

Moríyọ̀ dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde, kí òun tó mọ̀ pé òun ti dìde.

Ìyàwó ilé! Ta ni ò mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ? Ìbáà jẹ́ ọmọ tó ń rákòrò lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, ó gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn fún un. Láti ìgbà tí Moríyọ̀ ti gbọ́njú ni ìyá rẹ̀ ti ń pe àbúrò bàbá rẹ̀ ní Akọ́wé. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà ń ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Moríyọ̀ tó mọ̀ pé Akọ́wé kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà méjì, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń béèrè àti bí wọ́n ṣe ń dáhùn, kò rántí kọ́ alárinà ní àṣà ilé ọkọ!

"Bọ̀dá, kí ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín máa ń pè yín?"

Ọkùnrin náà wo àwọn nọ́ọ̀sì. Pẹ̀lú gbogbo ìrora tó wà lára rẹ̀, ojú tì í.

"Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀."

"Bọ̀dá, ẹsẹ̀ yín ń wú o!"

Ó sọ ọ́ sínú. Moríyọ̀ ní òun ò gbọ́. Ó tún un sọ.

"Dúdúyẹmí."

Nọ́ọ̀sì kan bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ká sọ òótọ́, ọkùnrin náà dúdú, ó sì yẹ ẹ́.

"Nígbà tí ẹ wà níbẹ̀, ṣé àwọn nọ́ọ̀sì pè yín bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀ títí mo fi lọ. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni."

Moríyọ̀ ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti dé ọ̀dọ̀ Agnes. "Tẹ Dúdúyẹmí Kìtán! Tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́!" Agnes tẹ̀ ẹ́. Alárinà lọ, ó dé, ẹrù kún ọwọ́ rẹ̀. Dúdúyẹmí Kìtán, Isikan, ibà líle. Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà pupa: ara rẹ̀ kọ pẹnisílìn, ẹ má ṣe fún un láé. Nọ́ńbà fóònù tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ ti ìyàwó ilé.

Dókítà Akínwùmí kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó wo abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì gbé kalẹ̀ sórí tábìlì. "Inú ẹbí pẹnisílìn ni èyí ti wá," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́. "Òun ni mo fẹ́ fún un." Kí ó lè dá a lójú pátápátá, ó tún pe àbúrò rẹ̀.

"Yétúndé, Dúdúyẹmí ńkọ́?"

"Dúdúyẹmí!" Ariwo rẹ̀ jáde nínú fóònù, gbogbo wa ì bá gbọ́ ọ níbi tí a wà. "Ẹni tó wú bíi búrẹ́dì lójú mi! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fún un ní pẹnisílìn o!"

Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ yẹn kúrò, wọ́n gbé ìkejì wá. Wọ́n gún un, wọ́n dúró tì í, wọ́n ń wò ó. Kò wú, ó ń mí dáadáa, ó ní ebi ń pa òun. Dókítà Akínwùmí jáde síta, ó bá Moríyọ̀ níbi tó ti ń lọ tó ń bọ̀, tó ń pàtẹ́wọ́, tó ń sunkún, tó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀. Òun náà pàtẹ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n dé láti Àkúrẹ́, ó gbé kúlà oúnjẹ lọ́wọ́. Bímbọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọ Àkúrẹ́ gidi, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú. Moríyọ̀ kúnlẹ̀ kí i, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ tó ti ń jẹ ẹ́ lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ṣe sọ orúkọ wọn gan-an fún wọn nílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn?"

Bímbọ́lá wò ó láti òkè délẹ̀. "Orúkọ wo? Mo dé ulé wọn, mo bá a níbẹ̀. Ọkọ mi ni. Èmi ni kí n wá máa pe ọkọ mi lórúkọ níwájú àwọn nọ́ọ̀sì?"

"Ṣùgbọ́n ẹ̀mí wọn ńkọ́, mà?"

"Mo ń gbàdúrà sí i. Dúdúyẹmí ni mo fi ń gbàdúrà náà. Ọlọ́run mọ ẹni tí mò ń wí."

"Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, mà. Kọ̀ǹpútà ni ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ kọ́ ọ, kó mọ̀ ọ́n," Bímbọ́lá ní, ó sì wọlé lọ bá ọkọ rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀! Moríyọ̀ gba ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ́ ọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìbéèrè tuntun kan ti wà lọ́dọ̀ Agnes ní Oǹdó, ó wà lọ́dọ̀ àwọn ti Àkúrẹ́, alárinà sì ń gbé e lọ gbé e bọ̀ láàárín wọn: Kí ni ìyàwó ilé ń pè yín? Nígbà tí Dókítà Akínwùmí rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ó ní. "Àwọn ará Èkó yẹn ì bá ta ẹ̀rọ fún wa, wọn ì bá má bi wá léèrè èyí láé." Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nìyẹn, àwọn ènìyàn tó ti sọnù sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n rí Akọ́wé, wọ́n rí Ìbàdíàrán. Ọ̀gá ilé ìwé kan wà, ọkùnrin tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ń sá fún. Eyínfúnjowó ni wọ́n bá a.

Ọjọ́ tí Adébùsóyè fẹ́ lọ sílé, Moríyọ̀ wà ní Oǹdó. Ó dúró lójú fèrèsé, ó pe bàbá rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bàbá, ẹ rántí pé ẹ bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan nígbà tí mo fẹ́ lọ yunifásítì?"

Moríyọ̀ gbọ́ bí bàbá náà ṣe ń bọ́ awò ojú rẹ̀, ó mọ ìró rẹ̀.

"Mo rántí," ó ní níkẹyìn. "Mo ní ta ni ètò kọ̀ǹpútà wò sàn rí. Ọ̀rọ̀ náà ò dára lẹ́nu mi, mo ti mọ̀ tipẹ́."

"Ẹ tún bi mí, sà."

"Moríyọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bi mí."

"Ó dáa. Ta ni?"

Nísàlẹ̀, ọkùnrin dúdú kan ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì rìn lọ sídìí mọ́tò. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé báàgì tẹ̀ lé e, ó ń pariwo pé kó rọra, kó má sáré, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọkọ.

"Dúdúyẹmí ni, Bàbá," Moríyọ̀ ní, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti gbéra nílẹ̀.